Bodè Ìjẹ̀bú àti Ìgbésí Ayé David Hinderer

Ẹni tó bá jókòó ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ inú àwọn ìwé ìtàn ìjọ síwájú, yóò rí i pé ibi tí òun wà ṣófo lórí bébà. Ìlà tó ń fi ìrìn àwọn míṣọ́nnárì hàn gbéra ní Àgbádárìgì, ó gba Abẹ́òkúta, ó wọ Ìbàdàn, ó sì nà dé Ìjàyè àti Ọ̀yọ́. Ìlà kejì ti Èkó bọ́ sójú ọ̀sà, ó gba Lẹ́kí, ó sì yà sókè sí Òǹdó. Láàárín méjèèjì ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé ọ̀dọ̀ Àjàlọ́run, ọba tiwa níhìn-ín, òyìnbó míṣọ́nnárì kankan kò sì rí ibẹ̀ fi ṣe ilé títí di 1892.

Àwọn òǹkọ̀wé ìjọ ayé ìgbà náà pe òfo yìí ní òkùnkùn. Wọ́n ní alágídí ni Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ìlú tí àlejò kì í sùn ni. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú pàápàá a máa fi ọ̀rọ̀ náà yangàn nígbà mìíràn, pàápàá bí a bá wà láàárín àwọn ará Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n àti ẹ̀gàn àti ìyangàn, kò sí èyí tó sọ ìdí fún wa nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti mú ìgbésí ayé míṣọ́nnárì kan ṣoṣo, David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kí n sì kà á láti ẹnu bodè wa. Hinderer kò gbé Ìjẹ̀bú rí. Síbẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú ló pinnu ohun tó jẹ, ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ padà sílé, àti ibi tó fi iṣẹ́ rẹ̀ tì sí. Bí a bá tẹ̀ lé e dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe Ọlọ́run ni àwọn baba wa ti ilẹ̀kùn mọ́. Ọ̀nà ni wọ́n ń ṣọ́, ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀rù kò jìnnà sí òótọ́.

Orísun ọ̀rọ̀ náà pọ̀, wọn ò sì dọ́gba. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni Seventeen Years in the Yoruba Country, tí wọ́n fi lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Anna, ìyàwó Hinderer, ṣe. Ó jáde ní London ní 1872, ọdún méjì lẹ́yìn tí Anna kú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣà á jọ, àwọn tó ń dáwó fún iṣẹ́ míṣọ́n ni wọ́n sì ṣà á fún. Nítorí náà omijé pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ, Ìjẹ̀bú kì í sì í jáde nínú rẹ̀ àfi bí ọ̀tá. Lẹ́tà Hinderer fúnra rẹ̀ wà láàárín ìwé ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS (Church Missionary Society) ní Yunifásítì Birmingham. Nínú àwọn onímọ̀ tó ti yẹ̀ wọ́n wò, J. F. Ade Ajayi (1965) àti E. A. Ayandele (1966) wo òṣèlú tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ míṣọ́n, J. D. Y. Peel (2000) ní tirẹ̀ farabalẹ̀ ka ìwé ojoojúmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, mo sì gbà pé ìyẹn ló mú kí ìwé rẹ̀ jinlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ohùn Ìjẹ̀bú ló ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan tó ṣe pàtàkì kò tilẹ̀ ti ilé wá. Òṣífẹ́kúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí àwọn olè ojú omi jí gbé ní 1820, tí wọ́n tà sí Brazil, bá ara rẹ̀ ní Paris nígbẹ̀yìn, níbi tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ d'Avezac ti jókòó tì í tó ń bi í léèrè nípa ìlú rẹ̀. Ìwé tí d'Avezac kọ jáde ní 1845. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: nígbà tí òyìnbó ṣì ń wá ọ̀nà wọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú ti wà ní Paris, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ọmọ Württemberg

Agbègbè Schorndorf, ní Württemberg, ni wọ́n ti bí Hinderer. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n ní Basel, ní Switzerland, ló kọ́kọ́ gbà á, kó tó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ CMS ní Islington, ní London. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ẹgbẹ́ CMS jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lọ kú sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀, àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti oníṣọ̀nà ilẹ̀ Jámánì ló sì di àlàfo náà. Gollmer tó wà ní Àgbádárìgì àti Èkó, Mann tó wà ní Ìjàyè, Bühler tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjèjì sí ẹnu wọn gẹ́gẹ́ bí Yorùbá náà ṣe jẹ́, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi fọwọ́ gidi mú èdè wa. Hinderer ló sọ ìwé Bunyan, tí àwọn baba wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, di Yorùbá.

Ní 1849 tó gúnlẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Hausa ni wọ́n ní kó kọ́, kí ó baà lè wá ọ̀nà gòkè lọ sí àríwá. Ọ̀nà àríwá kò ṣí, Ìbàdàn ló sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ó wọ ibẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1851, ó sì lo bí oṣù márùn-ún. Ìbàdàn ìgbà náà kò tíì pé ọdún 25 tí àwọn jagunjagun ti sọ ọ́ di ibùdó. Ìlú tí kò ní ọba àtayébáyé ni, tí akọni bá ti lè gòkè níbẹ̀, tó sì ń fẹ́ ohunkóhun tó bá lè fi kún agbára rẹ̀: ìbọn, ẹtù, ẹrú, àti òyìnbó pàápàá bí ó bá wà. Àwọn ìjòyè gbà á, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ ní Kúdẹtì. Wọ́n mọ ohun tí Abẹ́òkúta ń rí lára òyìnbó tirẹ̀ ní Èkó.

Àìsàn lé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Anna Martin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1852. Hempnall, ní Norfolk, ni wọ́n ti bí Anna ní 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ọ̀dọ̀ àlùfáà Lowestoft, Francis Cunningham, àti ìyàwó rẹ̀ ló sì ti dàgbà. Nígbà tí oṣù kejìlá yóò fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra; ní oṣù kẹrin 1853 wọ́n ti wà ní Ìbàdàn. Ibà ti kọ́kọ́ fi àṣẹ tirẹ̀ hàn wọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sierra Leone, tó ti ń kọ́ nípa èdè Yorùbá kó tó kúrò ní ilé, kú sójú omi ní ìparí 1854 nígbà tó ń padà sí Sierra Leone lẹ́yìn ìbẹ̀wò rẹ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ka lẹ́tà àwọn ọdún wọ̀nyẹn yóò rí i pé ìròyìn ikú ni wọ́n fi ń ka oṣù.

Kúdẹtì

Ilé ẹlẹ́rùpẹ̀ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Iṣẹ́ pín láàárín tọkọtaya. David a máa jáde lọ wàásù lábẹ́ igi àti lẹ́nu ọ̀nà àwọn ìjòyè. Anna ló ni ilé àti ọmọ. Kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n "Ìyá" ni àwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè é, ilé rẹ̀ kò sì ṣófo láé. Àwọn ìjòyè díẹ̀ fi ọmọ fún un wò. Ọ̀pọ̀ òbí kọ̀ jálẹ̀: wọ́n ní ìwé yóò sọ ọmọ di ojo, ọmọ tó bá jókòó ti ìwé kò ní lè gbé ìbọn mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí wọn. Ní ìlú tó jẹ́ pé ogun ni ọlà ti ń wá, ìṣirò wọn pé. Ìyà tó jẹ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìjọsìn le jù: ìdílé a tì wọ́n mọ́lé, wọ́n a nà wọ́n, nítorí ọmọbìnrin tó bá kúrò lábẹ́ òrìṣà ìdílé ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí àgbà ti parí lọ nìyẹn.

Bí a bá fi iye ènìyàn tó ṣe ìrìbọmi wọn iṣẹ́ wọn, èrè náà kéré. Ibi tí èrè wà gan-an ni nínú àwọn ènìyàn díẹ̀ tó gba inú ilé náà kọjá. Daniel Olúbí tẹ̀ lé wọn láti Abẹ́òkúta bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó di olùkọ́, ó di díákónì ní 1871, òun ló sì darí ìjọ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ní bíi 1857, Henry Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú, kó ìdílé rẹ̀ láti Sierra Leone wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní Kúdẹtì. Ọmọ kékeré ni Samuel nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Samuel yìí ló wá kọ The History of the Yorubas, tó parí ní 1897, tí ìwé náà sọnù ní London, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tún un tò títí tó fi jáde ní 1921. Mo máa ń rò ó pé bí Hinderer kò bá ṣe ohun mìíràn láyé ju pé ó ní àgbàlá tí Samuel Johnson ti ṣeré, ó ti ṣe tán. Ẹ̀dùn ọkàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún àwa: ọmọ tó dàgbà ní Ìbàdàn lásìkò tí Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà, kò lè fi ojú àánú kọ ìtàn Ìjẹ̀bú.

Ohun tí oníbodè ń rí

Kí ni Ìjẹ̀bú ń ṣọ́? Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ náà wà. Ọ̀sà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, òkè Yorùbá wà lórí rẹ̀. Ẹrù tó bá ti òkun wá, iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹtù, á gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ejìnrìn. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ń gbé e gba àárín ilẹ̀ wọn lọ sí àwọn ọjà ẹnubodè bí Orù, níbẹ̀ ni oníṣòwò Ìbàdàn á ti sọ ẹrù tirẹ̀, ẹrú àti epo, kalẹ̀. Ẹni tó wá láti òkè kì í kọjá Orù. Ẹni tó wá láti ìsàlẹ̀ kì í kọjá etí omi. Owó bodè wà, èrè àárín wà, ó sì ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o: Òṣùgbó ní ààfin ìgbìmọ̀, Pàmpáà ní ti ọjà. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀nà jẹ́ fún wọn. Kò sí ìlú tó ń jẹun lọ́nà báyìí tó máa jẹ́ kí àlejò rin àárín rẹ̀ ní wíwò lásán, ìbáà jẹ́ Bíbélì ló gbé lọ́wọ́.

Ìdí kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí 1851, ọdún tí Hinderer kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì CMS kò fara pa mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Wọ́n ti kọ lẹ́tà, wọ́n ti ṣàgbàwí. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ ti dé iwájú Ọbabìnrin Victoria ní ọdún yẹn kan náà. Wọ́n gbà pé òwò ẹrú ni wọ́n ń gbógun tì, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ibo ni Kòsọ́kọ́ sá sí? Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lábẹ́ ààbò Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, títí di 1862. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, àwọn ará Ìjẹ̀bú ní ẹlẹ́rìí kan láàárín wọn tó lè sọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí òyìnbó oníwàásù bá ṣáájú, tí òyìnbó oníbọn sì tẹ̀ lé e. Ní 1861, kí ẹlẹ́rìí náà tó padà sílé, Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó kù ni ti ẹrú tó ń sá. Ẹrú tó bá ti Ìjẹ̀bú dé Èkó ti bọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ń sọ Hausa ni Glover, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, sì sọ di ọmọ ogun. Olówó Ìjẹ̀bú á wá rí ẹrú tó fi owó rà, nínú aṣọ ìjọba, pẹ̀lú ìbọn léjìká. Hinderer tó wá sí Áfíríkà láti kọ́ Hausa kò mọ̀ pé àwọn tó ń sọ èdè náà ni wọn yóò fi ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kan.

Ọdún ebi

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Aláàfin Àtìbà ti kú, ọmọ rẹ̀ Adélù jọba, Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Nígbà tí Ìjẹ̀bú náà dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá, ọ̀nà méjèèjì tó já sí òkun ti pa dé mọ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn ní oko tó tó o jẹ. Ẹni tí ìdè náà mú gan-an ni òyìnbó Kúdẹtì.

Ó yẹ ká ṣàlàyé bí ó ṣe mú un, nítorí àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Owó oṣù Hinderer wà ní London, ní pọ́n-ùn. Kí ó tó di oúnjẹ ní Ìbàdàn, ó ní láti di owó ẹyọ ní Èkó, owó ẹyọ kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sápò. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ẹrù odidi aláàárù kan sì nìyẹn. Owó ilé míṣọ́n gbọ́dọ̀ rìn ní orí ènìyàn, lórí ọ̀nà tí ẹlòmíràn ni bodè rẹ̀. Bí bodè bá ti tì, ọlọ́rọ̀ di tálákà lójú ẹsẹ̀. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí wọ́n ní nínú ilé, wọ́n ń jẹ iṣu àti ẹ̀wà, wọ́n ń ṣọ́ owó ẹyọ ná bí ẹni ń ṣọ́ omi ẹ̀ẹ̀rùn, tòun ti àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ nílé. Ìwòsàn kò sí, lẹ́tà kò dé. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, Ìbàdàn mú Edward Roper, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì CMS tó wà níbẹ̀, lẹ́rú ogun. Ilé Hinderer ló bọ́ sí, ẹnu kan sì tún kún ẹnu tó wà nílẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn míṣọ́nnárì náà lásìkò yìí tó tako gbogbo ìwàásù tí wọ́n ṣe nípa ìjọ kan ṣoṣo. Henry Townsend ní Abẹ́òkúta, ẹni tó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, di agbẹjọ́rò Ẹ̀gbá. Hinderer di agbẹjọ́rò Ìbàdàn. Nínú lẹ́tà tí àwọn méjèèjì ń kọ sí ọ́fíìsì kan náà ní London, ìkíní ní Ìbàdàn ló da ilẹ̀ rú, èkejì ní Ẹ̀gbá ló ń fi ọ̀nà há ìlú mọ́. Ìlú tó bá gba òyìnbó ló ń sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀. Bí a bá wá bi wá léèrè pé kí ló dé tí ohùn Ìjẹ̀bú kò fi sí nínú ìwé ogun yẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò le: Ìjẹ̀bú kò ní òyìnbó tí yóò bá a kọ lẹ́tà. Owó tí àwọn baba wa san fún títi ilẹ̀kùn nìyẹn, a sì ń san án lọ títí dòní nínú ilé ìkàwé.

A kò sì gbọ́dọ̀ da gbogbo Ìjẹ̀bú pọ̀ bí ẹni da èlùbọ́. Ìkòròdú àti àwọn ìlú Rẹ́mọ kan fẹ́ kí ọjà Ìbàdàn máa gba ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò sì bá Ìjẹ̀bú-Òde pa ohùn pọ̀. Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí èyí, ní oṣù kẹta 1865 ni Glover sì rán ọmọ ogun láti Èkó lọ tú wọn ká. Lẹ́yìn rẹ̀ ló rán Kápútéènì Maxwell pẹ̀lú àwọn ènìyàn díẹ̀ kí wọ́n yọ́ gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn lọ gbé Anna, tí ara rẹ̀ kò yá mọ́. Wọ́n dé lójijì. Wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n fún un láti dágbére fún ilé tó ti gbé fún ọdún 12. Inú àmọ́ọ̀kì ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi òru bo ara wọn, wọ́n sì rin ìrìn àjò náà dé Èkó. David dúró sẹ́yìn láti fi iṣẹ́ lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ lé e nígbà tó yá.

Wọ́n tún padà wá. Ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ní Abẹ́òkúta nínú Ìfọ́lé, tọkọtaya náà ṣì wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ara ti sọ tirẹ̀, wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1869. Anna kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà 1870, ẹni ọdún 43.

Yíyí Ìjẹ̀bú ká

Ohun tí Hinderer ṣe lẹ́yìn èyí ni àwọn tó kọ nípa rẹ̀ máa ń fo, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù fún wa ní ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú. Ní àárín àwọn ọdún 1870, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ara rẹ̀ kò le, tún wọkọ̀. Kò lọ sí Kúdẹtì láti jókòó. Olúbí wà níbẹ̀. Ọ̀nà tuntun ló bá wá. Ìjọba Èkó, tí ìjàngbọ̀n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti sú, ti rán Goldsworthy ní 1872 láti ṣí ọ̀nà tí yóò gba ọ̀sà àti Òǹdó dé òkè Yorùbá, tí kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Awùjalẹ̀. CMS tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Hinderer ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí, ó sì wà lára àwọn tó fi ìdí iṣẹ́ Òǹdó lélẹ̀ ní 1875 sí 1876, kí Charles Phillips tó gbà á. Ní 1877 ó padà sílé pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká to ìrìn rẹ̀ jọ. Abẹ́òkúta ni ọ̀nà tó gbé e dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Rẹ́mọ ni ọ̀nà tó yọ ìyàwó rẹ̀. Òǹdó ni ọ̀nà tó fi parí. Ọdún 28 ló fi ń yí wa ká bí ẹni tó ń yí ọgbà tí kò rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ìlú tí wọ́n lè yí ká kì í lówó lọ́wọ́ pẹ́: ọ̀nà Òǹdó jẹ èrè bodè Ìjẹ̀bú níyà ju ìwàásù èyíkéyìí lọ.

Hinderer kú ní 1890, kò rí bí ọ̀rọ̀ bodè náà ṣe parí. Ní 1891 Ìjẹ̀bú dá aṣojú ìjọba Èkó, Denton, padà láìsí àdéhùn. Ní oṣù kìíní 1892 wọ́n wọ inú àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter: ọ̀nà yóò ṣí, ìjọba yóò sì máa fi £500 lọ́dún dípò owó bodè. Nígbà tí wọ́n tún dí òyìnbó oníwàásù kan lọ́nà láìpẹ́ sí i, ìyẹn ni Carter ń wá. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù karùn-ún. Ìjà gidi wáyé ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ ogun Hausa ni púpọ̀ nínú wọn. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lórí ìtẹ́ tó ń wò ó.

Ohun tí wọ́n bẹ̀rù láti 1851 dé bí wọ́n ṣe bẹ̀rù rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tí kò sí ẹni tó retí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ilé ìjọsìn débi pé Ìbàdàn, tí òyìnbó ti wà láti ọdún pípẹ́, di ẹni ẹ̀yìn. Òyìnbó kọ́ ló ṣe é. James Johnson ló ṣáájú, Àlùfáà ìjọ Breadfruit ní Èkó, ọmọ tí wọ́n bí ní Sierra Leone, baba rẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyá rẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó nígbà ogun náà, kò sì fara mọ́ ọn. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ ọmọ Yorùbá, oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó ti gbàgbọ́ ní Èkó ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí abúlé pẹ̀lú ẹrù ọjà. Ọ̀nà àtijọ́ náà ni wọ́n gbà, wọ́n kàn pààrọ̀ ẹrù ni. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí náà rìn lórí ọ̀nà yẹn, kò sì rìn lẹ́yìn. Nígbà tí Balógun Kúkù yan ẹ̀sìn tirẹ̀ ní 1902, Mùsùlùmí ló yàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ títí dòní láti rí agboolé kan tí ọdún Kérésìmesì àti ọdún Iléyá kò jọ kàn.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn láti ìhà wa, ọkọ̀ á gbé e gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Orù, kó tó já sí Màmú àti Ìdí-Ayùnrẹ́. Kò sí oníbodè ní Orù mọ́. Ní 1990, nígbà tí ogun abẹ́lé tú Liberia ká, Orù yìí kan náà ni ìjọba Nàìjíríà fi ṣe ibùdó fún àwọn tó sá wá. Nígbà tó yá, àwọn ará Sierra Leone, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí James Johnson àti Samuel Johnson, dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn tiwọn sínú ibùdó náà, wọ́n ń ra gaàrí Ìjẹ̀bú lọ́jà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ń sọ Ìjẹ̀bú.